Góòlù wọ́n bí ojú, power play ò sì so èso: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọMápó
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mò ń gé fídíò fún ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Amẹ́ríkà níbí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí àwọn kan lára yín mọ ilé wa. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé góòlù ò wọlé. Bí eré bá parí, tí a bá wo ìwé, àwa la máa ń gbá pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣeré) síhà ilé wọn jù, ẹgbẹ́ kejì ló sì máa ń borí. Èyí tó ń dùn mí jù ni power play. Ẹnì kan nínú wọn á ṣẹ̀, rẹfirí á ní kó lọ jókòó, àwa á pé márùn-ún, wọ́n á ku mẹ́rin. Ìṣẹ́jú méjì á tán, ọwọ́ wa á ṣófo. Nígbà míì gan-an, àwọn tí ò pé yẹn ló máa já pọ́ọ̀kì gbà tí wọ́n á sáré lọ gbá a sáwọ̀n wa.

Kóòṣì ní kí n gé fídíò tí òun máa fi han àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ọmọ ní ká sáà máa gbá a sílé púpọ̀ sí i. Àwọn èrò ìwòran ńkọ́? "Shoot! Shoot!" ni tiwọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ni kí n wò nínú fídíò yìí? Kí ni kí n gé?

AráPeckham
Arsenal ni mo mọ̀ o. Kí ẹnì kan bá mi ṣàlàyé power play kí n tó lọ sùn.

RẹfiríAlẹ́
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ó rọrùn. Ẹni mẹ́fà ló máa ń wà lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: gólì kan, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ilé, àti àwọn márùn-ún tó ń sáré. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀pá kọ́ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀, tàbí tó dì í mú, wọn kì í fún un ní káàdì bíi ti bọ́ọ̀lù. Ńṣe ló máa lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú méjì, wọn ò sì ní fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni power play fún àwọn tó pé. Bí wọ́n bá ti gbá a sáwọ̀n, ẹni tó jókòó á dìde wọlé padà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ o. Ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìṣẹ́jú méjì náà gbọ́dọ̀ pé, iye góòlù yòówù tó bá wọlé. Montreal Canadiens ló fà á tí wọ́n fi yí i padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1955, Jean Béliveau nìkan gbá mẹ́ta sáwọ̀n Boston láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 44, nígbà tí Boston ò pé. Nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e fi máa bẹ̀rẹ̀, òfin ti yí. Ìjìyà ńlá, ìyẹn ti ìṣẹ́jú márùn-ún, nìkan ló ṣì máa ń pé títí dòní.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pé, ẹ ò lè ti ìhà tiyín gbá pọ́ọ̀kì lásán dé òpin ìhà kejì. A máa fọn fèrè, a máa dá a padà. Ẹgbẹ́ tí ò pé nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣe é. Ohun tó ń jẹ àkókò yín nìyẹn, ỌmọMápó, bí ẹ bá wò ó dáadáa.

AráPeckham
Ó yé mi. Ẹni márùn-ún dojú kọ mẹ́rin, ẹ ò tún rí góòlù? Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

OníṣiròHouston
Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá ń rí góòlù nínú power play kan láàárín márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò lè bú u, ó ń gbìyànjú. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tó dáa pàápàá, mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń kùnà.

Àbúrò, ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ bi ara rẹ ni bóyá oríire ló sá fún yín, àbí nǹkan ti bàjẹ́ ní ti gidi. Mú ẹgbẹ́ tó dáa tí mo wí yẹn. Bí o bá ṣírò rẹ̀, wọ́n lè gba power play mẹ́wàá léra wọn láìrí góòlù kankan, á sì máa ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, báyìí ni ìṣirò ṣe rí. Àmọ́ kí ogún kọjá láìsí ẹyọ kan, ìyẹn ò ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Èwo ni tiyín nínú méjèèjì?

ỌmọMápó
Ó ti kọjá ogún, Ẹ̀gbọ́n.

OníṣiròHouston
Háà. Ó dáa, kí àwọn tó mọ yìnyín máa bọ̀.

ÌyáGólì
Gólì lọmọ mi. Látìgbà tó ti wà ní kékeré ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu gólì fún yín.

"Shoot!" tí àwọn èrò yín ń pariwo yẹn, gólì alátakò fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀yin lọ. Pọ́ọ̀kì tó ti ọ̀nà jínjìn wá, tó ti rí i látìgbà tó ti kúrò lórí ọ̀pá, tí ẹnikẹ́ni ò dúró síwájú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Á gbà á mọ́ àyà, rẹfirí á fọn fèrè, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ gbá a sílé, ọmọ wọn á sì gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ṣe dáadáa jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé náà ò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà ní ìbú àti ẹsẹ̀ mẹ́rin ní gíga lọ. Bí gólì bá ti dúró sójú kan, tó wo pọ́ọ̀kì tààrà, tó wọ gbogbo ihámọ́ra rẹ̀ yẹn, ilé ti kún. Àyè díẹ̀ ló ṣẹ́kù, lábẹ́ apá àti légbèé etí.

Ìgbà tí gólì bá ń rìn ni ilé máa ń ṣí. Kí ló ń mú un rìn? Páàsì tó gba àárín kọjá láti apá kan sí èkejì. Ó ní láti ti ẹsẹ̀ kan, kó fà lọ sí òdìkejì, kó tún tò ara rẹ̀ padà. Bí ẹni tó gba páàsì náà bá gbá a lẹ́ẹ̀kan náà láìdá a dúró, gólì ò tíì débẹ̀. Ọmọ mi máa ń sọ fún mi pé irú èyí, òun kì í rí i, òun kàn máa ń na ẹsẹ̀ síbi tí òun rò pé ó máa gbà ni.

Ohun kejì tí gólì kórìíra ni ìdí ẹlòmíì lójú rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ kan tó sanra dáadáa tí ò bẹ̀rù ọgbẹ́ síwájú ilé. Kò gbọdọ̀ di gólì lọ́wọ́, kó sáà dúró ni, kó di ojú rẹ̀, kó sì fi ọ̀pá sílẹ̀ láti yí pọ́ọ̀kì padà.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi iye ìgbà tí ẹ gbá a sílé sílẹ̀. Ka iye ìgbà tí pọ́ọ̀kì gba àárín kọjá kí wọ́n tó gbá a. Ka iye ìgbà tí ẹnì kan wà níwájú gólì. Bí ìyẹn bá pọ̀ tí góòlù ò sì wọlé, ẹ máa gbàdúrà. Bí ò bá pọ̀, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

KóòṣìKékeré
Mo kọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì pé mẹ́rìnlá ní họ́kì ní Massachusetts, wọn kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni. Ọ̀rọ̀ Ìyá dáa gan-an. Ìbéèrè mi ni pé: kí pọ́ọ̀kì tó gba àárín kọjá, ṣé ó tiẹ̀ ń dé ibẹ̀?

Ìṣẹ́jú-àáyá 120 lẹ ní. Power play máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú faceoff (wọ́n á ju pọ́ọ̀kì sáàárín ẹni méjì kí wọ́n jà á gbà) ní ìhà àwọn tó ṣẹ̀. Bí ẹ bá borí rẹ̀, ẹ ti wà nílé, ẹ kàn máa tò ara yín ni. Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, wọ́n á gbá pọ́ọ̀kì dé òpin ìhà tiyín, gẹ́gẹ́ bí Rẹfirí ti ṣàlàyé. Gólì yín á dá a dúró, àwọn adènà yín á gbé e, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, ìdajì power play ti lọ sí ojú ọ̀nà, àwọn yẹn sì ti pààrọ̀ ẹni tó rẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Bẹ̀rẹ̀ sí í wo faceoff. Kì í ṣe ẹni méjì tó ń jà lórí àmì nìkan ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, pọ́ọ̀kì máa ń bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ ni, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yẹ kó sáré gbé e. Bí tiyín bá dúró tí wọ́n ń wò bí olówó tó ń wo ọjà, ẹ ti mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà, wo bí ẹ ṣe ń gba ìlà búlúù kọjá, ìyẹn ìlà tí ìhà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lo drop pass báyìí: ẹni tó gbé pọ́ọ̀kì á sáré dé àárín pápá, á fà àwọn adènà sẹ́yìn, á sì fi pọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú eré líle. Ó dáa, bí àwọn adènà bá ń sá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti mọ̀ yín, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sórí ìlà búlúù bíi fẹ́ǹsì, ẹ̀ ń fi pọ́ọ̀kì rìn padà sílé lásán ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

ỌmọbìnrinÌjẹ̀bú
Mo gbá họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì títí mo fi gboyè, mi ò gbà pẹ̀lú Kóòṣì lórí drop pass. Òun kọ́ ló burú. Ohun tó burú ni kí ẹgbẹ́ ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn gbọ́dọ̀ lè ṣe nǹkan mẹ́ta: kó gbé e wọlé fúnra rẹ̀, kó fún ẹni tó wà létí ògiri tó yí pápá ká, tàbí kó gbá a wọ igun kí ẹni méjì sáré lé e. Bí alátakò ò bá mọ èyí tó ń bọ̀, fẹ́ǹsì yẹn máa ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tí ò gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì rí kì í rántí. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta la máa ń gbá eré, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹgbẹ́ kan náà la máa bá pàdé lọ́jọ́ méjèèjì. Ní òru ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan bíi tìẹ, ỌmọMápó, wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì wọn tó ń gé fídíò tiyín. Ohun tí ẹ fi wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti tì í pa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí náà, ya ọjọ́ Ẹtì sọ́tọ̀, ya Àbámẹ́ta sọ́tọ̀. Bí power play yín bá ń kú ní Àbámẹ́ta ju Ẹtì lọ, ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ kì í yí nǹkan kan padà.

Ohun kejì: òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ò gbà kí wọ́n fi ju 20 wákàtí lọ kọ́ wa lọ́sẹ̀ nígbà sáà. Nínú rẹ̀ ni eré ìdárayá ara, fídíò àti eré fúnra rẹ̀ wà. Èló ló ṣẹ́kù fún power play? Àwọn tó gbá a papọ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ọ̀kan ti gboyè, ọ̀kan ti lọ sí ilé ìwé míì, ọ̀kan ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú NHL. Ẹ má fi tọdún tó kọjá wọn tọdún yìí.

Ẹ dákun, ẹ má sì gbàgbé ìgbà tí ẹ pé márùn-ún sí márùn-ún. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú góòlù sáà kan ti ń wá. Bí ẹ ò bá rí góòlù níbẹ̀, gbogbo ẹrù máa wà lórí power play, ọwọ́ àwọn ọmọ á máa le mọ́ ọ̀pá. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. O máa rí àyè, wàá sì fẹ́ gbá a gba inú ihò abẹ́rẹ́ dípò kó o kàn gbá a.

Ẹ̀gbọ́nCalgary
Mo ń ka gbogbo yín, ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè ọwọ́ tí àwọn ọmọ yìí fi ń di ọ̀pá mú.

Nígbà tí mo dé Calgary, orúkọ Yorùbá tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn òyìnbó ni Iginla. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Jarome Iginla, bàbá rẹ̀ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Góòlù 52 ló gbá sáwọ̀n ní sáà 2001–02, ẹnikẹ́ni ò gbá tó o ní gbogbo NHL lọ́dún yẹn. 625 ni kó tó fẹ̀yìn tì. (Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jade, Brown University ló lọ gbá họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.) Níbo ni Iginla máa ń dúró sí nínú power play? Apá òsì. Òun sì rèé, apá ọ̀tún ló fi ń di ọ̀pá mú, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ọ̀pá. Ìdí ni pé bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá dúró sí apá òsì, ojú ọ̀pá rẹ̀ á kọ sí àárín. Páàsì tó bá gba àárín dé, kò ní láti dá a dúró kó tó yí i, ó kàn máa fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ohun tí Ìyá ń wí lókè yẹn gan-an.

Alex Ovechkin, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń gbá a ní NHL, ńkọ́? Ọdún yìí ọdún yẹn, ibì kan náà, apá òsì. Gbogbo ayé mọ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, tó gbá góòlù 895 tó fi kọjá ti Wayne Gretzky, ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní NHL tẹ́lẹ̀, power play ni, ibẹ̀ náà ló sì ti gbá a, sáwọ̀n New York Islanders. Wọ́n mọ ibi tó wà, wọn ò rí i dá dúró.

ỌmọMápó, ọwọ́ wo ni àwọn méjì tó wà létí ògiri yín fi ń di ọ̀pá?

ỌmọMápó
Ẹ dúró, mo ń wò ó.

Ọlọ́wọ́ òsì ni àwọn méjèèjì! Ẹni tó wà lápá òsì, gbogbo ìgbà tí páàsì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa ń dá a dúró, á yí ara, kó tó gbá a. Gólì ti dúró dè é tipẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Pápá wa fẹ̀, ẹsẹ̀ 100 ni, bíi èyí tí wọ́n máa ń lò ní Olympic tẹ́lẹ̀, kì í ṣe 85 bíi ti NHL. Àwọn tó wà létí ògiri wa jìnnà sílé gan-an.

KóòṣìKékeré
Ẹ ò rí i? Pápá tó fẹ̀ máa ń tan èèyàn ni. Àyè tó pọ̀ létí ògiri ò já mọ́ nǹkan kan, àwọn alátakò ò tiẹ̀ ní wá bá ọ níbẹ̀, wọ́n á ní kó o máa gbádùn ara rẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n wọlé sí àárín, kí ìrìn páàsì má bàa gùn. Ṣé 1-3-1 lẹ̀ ń tò?

ỌmọMápó
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan lókè lórí ìlà búlúù, mẹ́ta ní àárín, ẹnì kan níwájú gólì.

KóòṣìKékeré
Wo ẹni tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn. Òun ni ojú eré náà. Bí pọ́ọ̀kì bá ń kàn án, adènà mẹ́rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ra láti ká a mọ́, ìgbà náà ni etí ògiri á ṣí. Bí pọ́ọ̀kì kì í bá kàn án, ó kàn dúró bí òpó ni, ẹ sì ti sọ ara yín di mẹ́rin sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń gbá pọ́ọ̀kì yípo lókè, ọ̀tún, òkè, òsì, òkè, títí tí ara gbogbo wọn á fi balẹ̀, tàwọn adènà náà.

ỌmọMápó
Lára gbogbo power play tí mo wò lálẹ́ yìí, agbára káká ni pọ́ọ̀kì fi kan ẹni àárín. Tí ó bá sì kàn án, ẹ̀yìn ló ń dá a padà sí.

RẹfiríAlẹ́
Kí n fi kékeré kún un láti ibi tí mo máa ń dúró. Ẹgbẹ́ tó ń gbé pọ́ọ̀kì wọ àárín ni wọ́n máa ń kọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń dì mú. Ẹni tó ń rìn létí ògiri, ta ló fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́? Bí ẹ bá wọ àárín, power play yín fúnra rẹ̀ á pọ̀ sí i, nígbà míì ẹ lè bá ẹni márùn-ún sí mẹ́ta pàdé.

AráPeckham
Mi ò tíì sùn o. Ẹ wá ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún fún wọn.

ỌmọbìnrinÌjẹ̀bú
Ẹ̀gbọ́n Peckham ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àmọ́ òótọ́ ni. Ṣé ọlọ́wọ́ ọ̀tún kankan wà nínú ikọ̀ yín, ỌmọMápó? Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, kódà kó jẹ́ adènà. Bí kò bá sí rárá, ẹ yí gbogbo ẹ̀ padà: kí ọlọ́wọ́ òsì yín tó dáa jù wá sí apá ọ̀tún, kí gbogbo eré máa ti apá òsì bọ̀ wá bá a. Ẹ má sì fi ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ títí ìṣẹ́jú méjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ìṣẹ́jú kan bá ti pé, kí ẹgbẹ́ kejì wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ò rẹ̀.

ỌmọMápó
Ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan wà, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń fi í sí. Mo ti fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí kóòṣì. Ó ní ká wò ó lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ fídíò tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó gbogbo èyí sínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

ÌyáGólì
Má kó gbogbo ẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ tí góòlù ti wọ́n lójú wọn, bí o bá fi àṣìṣe ogún hàn wọ́n, wọ́n á sùn lọ.

KóòṣìKékeré
Ìyá ti sọ ọ́. Klíìpù mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì lórí faceoff tí pọ́ọ̀kì bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sáré gbé e. Méjì lórí ìlà búlúù, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ẹ wọlé dáadáa. Ọ̀kan níbi tí ọlọ́wọ́ òsì yẹn ti dá pọ́ọ̀kì dúró. Dá fídíò náà dúró níbẹ̀ kí wọ́n wo gólì, má sọ orúkọ ọmọ náà. Èyí tó kẹ́yìn, wá ọ̀kan nínú ìgbà tó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé góòlù ò wọlé, níbi tí pọ́ọ̀kì gba àárín kọjá tí gólì sì ń sáré kiri. Gé ohùn èrò ìwòran kúrò nínú gbogbo ẹ̀.